Ìnira Ọkàn àti Ìrètí Ẹ̀mí Àwọn Tí Àrùn Ẹ̀dọ̀fóró ti Pẹ́ Lára Wọn ní Ilẹ̀ Ìbàràpá

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣe àlàyé bí àrùn tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń di ẹrù fún ọkàn, àti bí ẹrù náà ṣe ń nípa lórí iye ọdún tí aláìsàn yóò tún lò láyé. Ilẹ̀ Ìbàràpá ni a fi ṣe ibùdó àlàyé wa. Ìlú méje ni a mọ̀ mọ́ Ìbàràpá: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Igangan. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni gbogbo wọn wà, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ni a sì pín wọn sí.

Ìdí méjì ni a fi yan ibẹ̀. Èkíní ni pé ní ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ìgbà náà àti ìrànlọ́wọ́ Rockefeller Foundation, dá ètò ìlera ìgbèríko sílẹ̀ ní Ìbàràpá, tí wọ́n sì fi Igbó-Ọrà ṣe ibùjókòó rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń lọ gbé láàárín àwọn ará ibẹ̀, kí wọ́n lè mọ bí àìsàn ti í rí nínú ilé kí ó tó dé ilé ìwòsàn. Èkejì ni pé iṣẹ́ àwọn ará ibẹ̀ kò jìnnà sí èéfín. Ẹni tí ó ń dín gàrí, ẹni tí ó ń sun èédú, ẹni tí ó ń sun ìgbẹ́ kí òjò tó dé, àti ìyá tí ó ń fi igi dáná lójoojúmọ́, gbogbo wọn ni ó ń mí èéfín sínú.

Kókó tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Bí ẹsẹ̀ bá wú lára ẹni tí ó ti ń wúkọ́ tí ó sì ti ń mí gúlegúle fún ọdún púpọ̀, ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ àìsàn mìíràn ni ó dé. Ó lè jẹ́ pé ọkàn ni ó ń rẹ̀ nítorí ẹ̀dọ̀fóró. Bí a bá sì tètè wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀nà wà tí a fi lè fi kún ọjọ́ ayé rẹ̀.

2. Orúkọ Àìsàn àti Ìyapa Ìtọ́jú

Yorùbá a máa fi ohun tí ojú rí tàbí tí etí gbọ́ sọ àìsàn lórúkọ. Bí a bá gbọ́ ikọ́, ikọ́ ni a ó pè é. Bí èémí kò bá délẹ̀, mímí gúlegúle ni. Bí ẹsẹ̀ bá tóbi, ẹsẹ̀ wíwú ni. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ó fi hàn pé ojú àwọn baba wa mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀. Orúkọ mẹ́ta a máa mú kí ó dà bí ẹni pé àìsàn mẹ́ta ni, ìtọ́jú mẹ́ta sì ni ẹbí yóò máa wá kiri. Wọn a ra omi ikọ́ fún ikọ́. Wọn a ní àgbà ni ó fa mímí gúlegúle. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá wú, wọn a ní aláìsàn ti tẹ ohun tí kò yẹ kí ó tẹ̀ lójú ọ̀nà oko. Oṣù á máa gorí oṣù, ohun tí ó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ á sì wà níbẹ̀ láìsí ẹni tí ó kàn án.

Àwọn àgbà kan náà ni ó sọ pé ohun tí ó bá ojú, ó bá imú. Ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn sún mọ́ra jù ojú àti imú lọ, nítorí pé kò sí ẹ̀jẹ̀ kan tí ọkàn lè fi ránṣẹ́ sí gbogbo ara bí kò bá kọ́kọ́ gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá. Àwọn oníṣègùn fi èdè Látìn pe ìnira tí à ń sọ yìí ní cor pulmonale, èyí tí ó túmọ̀ sí ọkàn ti ẹ̀dọ̀fóró. Ìnira ọkàn ni a ó máa pè é nínú àpilẹ̀kọ yìí, ẹ̀yà tí ẹ̀dọ̀fóró fà yìí nìkan ni a sì ní lọ́kàn.

3. Bí Ìnira Náà ti í Bẹ̀rẹ̀

Apá méjì ni ọkàn ní. Apá òsì ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nítorí náà ni ògiri rẹ̀ fi nípọn. Apá ọ̀tún ń gba ẹ̀jẹ̀ tí ó ti lo ọ́síjìn rẹ̀ tán, ó sì ń tì í sínú ẹ̀dọ̀fóró láti lọ gba òmíràn. Ọ̀nà yìí kò jìn, kò sì le. Agbára tí apá ọ̀tún fi ń ti ẹ̀jẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà agbára apá òsì lọ. Ìdí nìyí tí ògiri rẹ̀ fi fẹ́lẹ́. A lè fi í wé ẹni tí a bí sí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, tí kò ru ẹrù gun òkè rí.

Nínú ẹ̀dọ̀fóró tí ó sàn, àìmọye àpò afẹ́fẹ́ tíntìntín ni ó wà, iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ sì yí wọn ká. Nígbà tí èéfín, sìgá tàbí àpá ikọ́ ẹ̀gbẹ bá ti ba púpọ̀ nínú wọn jẹ́, ohun mẹ́ta ni ó ń ṣẹlẹ̀.

Èkíní, àwọn iṣan wẹ́wẹ́ náà a máa bàjẹ́ pẹ̀lú àwọn àpò tí wọ́n yí ká. Ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó gba ojú ọ̀nà púpọ̀ kọjá á wá máa fún ara rẹ̀ gba ìwọ̀nba tí ó kù.

Èkejì, iṣan ẹ̀dọ̀fóró ní ìwà kan tí ti ibòmíràn nínú ara kò ní. Níbi tí ọ́síjìn bá ti kéré, ńṣe ni ó máa ń fún ara rẹ̀ pọ̀. Ọgbọ́n ni èyí bí ó bá jẹ́ apá kan ẹ̀dọ̀fóró ni ó ṣàìsàn, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ yóò yà kúrò níbi tí kò ti ní rí ọ́síjìn gbà, yóò sì gba ibi tí ó sàn lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ẹ̀dọ̀fóró ni ọ́síjìn kò tó, gbogbo iṣan ni yóò fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọgbọ́n á wá di ewu.

Ẹ̀kẹta, nígbà tí ara bá rí i pé ọ́síjìn kò tó, yóò máa ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa púpọ̀ sí i kí ó lè rí èyí tí yóò gbé ìwọ̀nba tí ó wà. Bí èyí bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á ki. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ki sì ṣòro láti tì ju èyí tí ó ṣàn lọ.

Báyìí ni ẹni ilẹ̀ pẹrẹsẹ ṣe di ẹni tí ń ru ẹrù gun òkè tọ̀sán tòru. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ògiri apá ọ̀tún ọkàn a nípọn sí i láti lè ru ẹrù náà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, a bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, agbára rẹ̀ a sì máa dín kù. Ẹ̀jẹ̀ tí kò rí ibi kọjá a máa dúró sẹ́yìn. Iṣan ọrùn a yọ gàǹgà. Ẹ̀dọ̀ a wú, ìhà ọ̀tún a sì máa ro ni. Kíndìnrín a máa fa iyọ̀ àti omi mọ́ra. Nítorí pé omi a máa wá ìsàlẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ hàn. Bí a bá fi ìka tẹ ojúgun, ojú ibi tí a tẹ̀ á jìn fún ìgbà díẹ̀. Àmì àìsàn wà ní ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ wà láyà.

4. Ibi Tí Àrùn Ẹ̀dọ̀fóró Náà ti Wá

Fún ìgbà pípẹ́, ọkùnrin tí ń mu sìgá ni ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn òkè òkun fi ń ṣe àpẹẹrẹ aláìsàn yìí. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ fi hàn pé àpẹẹrẹ náà kò kárí ni S. Padmavati, obìnrin oníṣègùn ọkàn ní ìlú Delhi ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, ẹni tí ó kú ní ọdún 2020 lẹ́ni ọdún 103. Nínú ìwádìí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, wọ́n rí i pé ìnira ọkàn yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ mu sìgá. Iná ìdáná ni wọ́n tọ́ka sí. Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìbàràpá gan-an. Obìnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáná ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí ó sì ń jókòó ti agbada gàrí títí tí ó fi di ìyá àgbà, ti mí èéfín fún àádọ́ta ọdún láìfi sìgá kan ẹnu rí.

A kò ní láti dé Delhi kí a tó rí ẹ̀rí. Ní Ilé-Ifẹ̀, ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2016 fi ẹ̀rọ tí a ń fẹ́ èémí sí wọn ẹ̀dọ̀fóró àwọn àgbàlagbà ìlú. Nǹkan bí ènìyàn 8 nínú 100 ni ọ̀nà èémí wọn ti dí. Ní Ìbàdàn, ìwádìí mìíràn tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2017 kó aboyún 324 jọ. A fún àwọn kan ní sítóòfù tí ń lo ẹtanọ́ọ̀lù, àwọn yòókù sì ń bá igi tàbí kẹrosíìnì wọn lọ. Nínú àwọn tí kò pààrọ̀ iná, 6.4 nínú 100 ni ẹ̀jẹ̀ ríru bá. Nínú àwọn tí ó gba sítóòfù tuntun, 1.9 nínú 100 ni. Ìwádìí yìí kò dá lórí ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ohun tí a mí sínú kì í dúró sí ẹ̀dọ̀fóró nìkan.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ náà kò gbọdọ̀ kẹ́yìn nínú àkọsílẹ̀ wa. Oògùn lè pa kòkòrò rẹ̀ tán pátápátá, síbẹ̀ kí àpá kù sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí a ti sọ fún pé ara rẹ̀ ti dá lè máa mí gúlegúle ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Kì í ṣe pé ikọ́ ẹ̀gbẹ padà dé ni gbogbo ìgbà. Àpá rẹ̀ ni ó lè máa ṣiṣẹ́.

5. Ìkìlọ̀ Kan: Ẹsẹ̀ Wíwú Kò Jẹ́ Ti Ẹ̀dọ̀fóró Nìkan

Kí olùkàwé má baà rò pé gbogbo ẹsẹ̀ tí ó wú ni ti ẹ̀dọ̀fóró, ẹ jẹ́ kí a wo Abẹ́òkúta, tí ó jẹ́ aládùúgbò Ìbàràpá. Ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà níbẹ̀, a ṣe àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn 452 tí ọkàn wọn kò lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa mọ́, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2014. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fa ti 78.5 nínú 100. Ẹ̀dọ̀fóró ni ó fa ti 4.4 nínú 100, èyí tí í ṣe nǹkan bí ogún ènìyàn.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú iye yìí. Èkíní ni pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú ní láti wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ó sì ṣe àyẹ̀wò kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ kí a tó dá ẹjọ́. Èkejì ni pé àwọn tí ó dé ilé ìwòsàn nìkan ni a lè kà. Ìyá àgbà tí ó jókòó sí ẹ̀yìn ilé ní abúlé, tí gbogbo ènìyàn gbà pé ọjọ́ ogbó ni ó fa èémí rẹ̀, kò sí nínú 452 yẹn.

6. Ìrètí Ẹ̀mí

Ìbéèrè tí ẹbí máa ń bi oníṣègùn ni pé: yóò ha pẹ́ láyé bí? Ó tọ́ kí a dáhùn rẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i, láìsì kó ìpayà báni.

Nígbà tí ìnira ọkàn bá ti fi ara hàn ní ẹsẹ̀, àrùn ẹ̀dọ̀fóró náà ti rìn jìnnà. Ẹ̀rí tí ó dájú jù lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1981, ìgbìmọ̀ ìwádìí ìṣègùn wọn tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde lórí aláìsàn 87 ní Edinburgh, Birmingham àti Sheffield. Gbogbo wọn ni ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́, tí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré, tí ara wọn sì ti wú rí nítorí ìnira ọkàn. A fún 42 nínú wọn ní ọ́síjìn nínú ilé wọn fún wákàtí 15 lójúmọ́, ó kéré tán. A tọ́jú àwọn 45 yòókù bí a ti í ṣe tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún 5, 30 kú nínú àwọn 45 tí kò gba ọ́síjìn. Nínú àwọn 42 tí ó gbà á, 19 ni ó kú.

Ọdún kan ṣáájú, ní 1980, àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà àti Kánádà ti tẹ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí aláìsàn 203 jáde. Lẹ́yìn ọdún 2, 40.8 nínú 100 kú nínú àwọn tí ó ń gba ọ́síjìn ní òru nìkan, ṣùgbọ́n 22.4 nínú 100 ni ó kú nínú àwọn tí a ní kí ó máa gbà á tọ̀sán tòru. Iye wákàtí ni ó ṣe ìyàtọ̀. Ẹni tí ó gba ọ́síjìn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí èémí bá há a kò tíì gba ìtọ́jú tí à ń wí. Ó kàn rí ìtura ni.

Kí a má sì ṣe rò pé ọ́síjìn yẹ gbogbo ẹni tí ń mí gúlegúle. Ní ọdún 2016, àwọn ará Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí mìíràn jáde lórí aláìsàn 738 tí ọ́síjìn wọn dín díẹ̀, tí kò dín jù. Ọ́síjìn inú ilé kò fi kún ọjọ́ ayé wọn. Àwọn tí ó ń ràn lọ́wọ́ ni àwọn tí ìwọ̀n wọn bá wà ní 88 nínú 100 tàbí kí ó rẹlẹ̀ sí i nígbà tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, àti àwọn tí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí 90 ṣùgbọ́n tí ọkàn wọn ti ń fi àmì ìnira hàn. Nítorí náà ni a fi sọ pé wíwọ̀n ni ó yẹ kí ó ṣáájú.

Oògùn tí ń mú ni tọ̀ a máa dín wíwú kù, a sì máa mú kí aláìsàn lè wọ bàtà rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n kò tú iṣan ẹ̀dọ̀fóró tí ó fún pọ̀. Dídín iyọ̀ kù nínú ọbẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́. Fífi sìgá sílẹ̀ a máa dín bí ẹ̀dọ̀fóró ti ń yára bàjẹ́ kù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè dá èyí tí ó ti lọ padà.

7. Ohun Tí Ó Ṣeé Ṣe ní Ìbàràpá

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń fi há ọmọ ìka, tí ó ń fi ìmọ́lẹ̀ ka ìwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ láìgún ni lábẹ́rẹ́. Owó rẹ̀ kò pọ̀ bí ti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí a tún ètò ọ́síjìn ṣe fún àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn 12 ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà láàárín ọdún 2015 sí 2017, lára ohun tí ó hàn ni pé kíkọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti máa lo ẹ̀rọ ìka yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Ẹni tí a kò wọ̀n, a kò lè mọ̀ pé ó ṣe aláìní. Ohun tí ó ran ọmọdé lọ́wọ́ báyìí kò ní ṣàì wúlò fún ìyá àgbà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìka náà ní àbùkù kan tí ó kàn wá. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2020 fi hàn pé, lára àwọn tí ẹ̀rọ náà sọ pé ara wọn dá, àìtó ọ́síjìn tí ó fara pamọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìfiwéra pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ funfun. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá ka 91 tàbí 92 fún ẹni tí iṣan ọrùn rẹ̀ ti yọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú, kí a má ṣe sọ fún un pé kò sí ewu. Kí a rán an lọ sí ibi tí a ti lè yẹ ẹ̀jẹ̀ náà fúnra rẹ̀ wò.

Ti ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ki náà, Èrúwà ti fi àpẹẹrẹ lélẹ̀. Dókítà Olúyọ̀mbọ́ Awójọbí, oníṣẹ́ abẹ tí ó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1986, tí ó sì kú ní ọdún 2015, fi ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ẹ̀rọ tí ń yí ẹ̀jẹ̀ kí a lè mọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa inú rẹ̀. Kò dúró de iná ìjọba. Ẹ̀rọ tí ó lè sọ fún ni pé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kéré ni ó lè sọ pẹ̀lú pé ó ti ki jù.

Iṣẹ́ tí ó le jù ni ọ́síjìn fún wákàtí 15. Ẹ̀rọ tí ń yọ ọ́síjìn nínú afẹ́fẹ́ ń fẹ́ iná mànàmáná tí kò ní máa já. Àgbá ọ́síjìn wúwo, a sì ní láti máa lọ pọn ọ́síjìn sínú rẹ̀ léraléra. Níbi tí iná kò bá ti dúró, agbára oòrùn ni ó yẹ kí àwọn tí ń ṣètò ìlera máa rò, kì í ṣe fún ilé ìwòsàn nìkan, bí kò ṣe fún ilé aláìsàn pẹ̀lú. A sì gbọ́dọ̀ kìlọ̀ méjì. Ọ́síjìn a máa mú kí iná ràn kíákíá. Kò gbọdọ̀ sún mọ́ ààrò, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ẹni tí ń mu sìgá. Bákan náà, ọ́síjìn tí ó pọ̀ jù lè ṣe irú aláìsàn yìí ní jàǹbá, nítorí pé afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí tí ó yẹ kí ó mí jáde lè kó jọ sínú rẹ̀. Ìwọ̀n 88 sí 92 nínú 100 ni àwọn oníṣègùn ń fojú sí bí èémí bá há a lójijì.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ààrò ni ibi tí a ti lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àrùn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń yẹ̀ ẹ́. Kí a gbé ibi ìdín-gàrí sí ìta gbangba, kí a kọ́ ààrò tí ó ní ihò èéfín tí ó ga, kí igi gbẹ dáadáa kí a tó kó o sínú iná, kí ẹni tí ikọ́ ti ń dà láàmú má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò jókòó ti agbada láti òwúrọ̀ di alẹ́.

8. Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ti inú ààrò lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, láti ẹ̀dọ̀fóró lọ sí apá ọ̀tún ọkàn, àti láti ọkàn lọ sí ọrùn ẹsẹ̀. A sì ti fi hàn pé ẹni tí ó dé òpin ọ̀nà náà kò tíì di òkú. Nínú àwọn 42 tí a fún ní ọ́síjìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 23 ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5, bẹ́ẹ̀ ni ara gbogbo wọn ti wú rí kí ìtọ́jú náà tó bẹ̀rẹ̀.

Èdè wa kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ tí a lè fi sọ èyí fún ẹbí aláìsàn. Òṣìṣẹ́ ìlera tí ó bá wọ ilé kan ní Tápà tàbí ní Ìdèrè, tí ó bá bá ìyá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ bi í pé: ‘Ìyá, ó ti tó ọdún mélòó tí ẹ ti ń wúkọ́?’ Kí ó bi í irú iná tí ó fi ń dáná. Kí ó wá fi ẹ̀rọ há ọmọ ìka rẹ̀, kí ó sì kọ ohun tí ó bá kà sílẹ̀.